Ọmọ mi ń fi Ìjàpá ṣe àwòkọ́ṣe

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́. Ọmọ ọdún 5 ni ọmọkùnrin mi, kì í fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ fọwọ́ kan ohun ìṣeré rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pàlọ́ fún un lálaalẹ́ kí ó lè kọ́ inúure, ṣùgbọ́n àrékérekè Ìjàpá ló ń pa á lẹ́rìn-ín. Lánàá, ó tan àbúrò rẹ̀, ó gba bisikíìtì rẹ̀, ó ní òun ni Ìjàpá. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, màmá wa. Ẹ má bínú sí i. Ìjàpá ló ń sọ̀rọ̀ jù nínú àlọ́, òun náà ló ń kọrin. Ta ni ọmọ ìbá tún tẹ̀ lé? Àwa tí à ń pàlọ́ ni kì í jẹ́ kí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ sọ tẹnu rẹ̀.

Ẹ mú àlọ́ Ìjàpá àti Ajá. Ìyàn mú, Ajá mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ jí iṣu wà lóko olóko. Ajá wa ìwọ̀nba tí agbára rẹ̀ ká. Ìjàpá di ẹrù tó wúwo jù ú lọ, kò lè sáré, ó wá ń fi orin bẹ Ajá pé kó ran òun lẹ́rù. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ bi ọmọ pé: "Ìwọ ni Ajá. Olóko ń bọ̀. Ṣé wàá padà?" Ní kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi tí mo ń kọ́, ibí yìí ni ariwo ti máa ń sọ. Ọ̀kan á ní òun á bá a gbé iṣu méjì. Òmíràn á ní àfi kí Ìjàpá kọ́kọ́ ju ẹrù sílẹ̀. Wọ́n ti ń ro ti ọ̀rẹ́ nìyẹn, n kò sì tíì wàásù. (Bí ó bá bi yín pé ṣé olè kọ́ ni àwọn méjèèjì, ẹ gbà fún un, òótọ́ ló sọ.)

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi ṣeré. Kí ẹ̀gbọ́n ṣe Ìjàpá, kí ó ru ìrọ̀rí mẹ́ta, kí àbúrò ṣe Ajá tó kọ̀ tí kò dúró. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n pààrọ̀.

Ẹ lè hun tiyín náà, bóyá ti ṣíbí kékeré tí àwọn àwo kò bá ṣeré. Ẹ ṣáà fi orin sí i tí ọmọ á máa gbè.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má pa irú àlọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ṣẹ̀. Á mọ̀ pé òun lẹ ń bá wí, kò sì ní gbọ́ mọ́. Tí ẹ bá dé "ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká," ẹ bi í léèrè ohun tó rí kọ́, kí ẹ ní sùúrù. Bí ó bá dákẹ́, ẹ paná, ẹ jẹ́ kó sùn.