Owó NIL kọ́ ni físà: ẹ má yá kọ́bọ̀ fún éjẹ́ǹtì

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 17, ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì n'Ìbàdàn. Éjẹ́ǹtì kan sọ fún wa pé yunifásítì kan l'Amẹ́ríkà ti ṣe tán láti gbà á, àti pé owó NIL tí yóò máa gbà lóṣù yóò ju owó oṣù èmi àti ìyá rẹ̀ lọ. Ó ní ká san náírà mílíọ̀nù 2 kí ààyè náà má baà bọ́. Ṣé ká lọ yá a?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ má yá kọ́bọ̀. Irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi, inú sì ti ń bí mi sí àwọn gbájúẹ̀ tó wà nídìí ẹ̀.

Pé owó wà níbẹ̀, irọ́ kọ́. NIL ni ẹ̀tọ́ eléré ìdárayá láti gbowó lórí orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀. Nígbà tí Hakeem Olajuwon kúrò l'Ékòó lọ sí Yunifásítì Houston ní 1980, kò sóhun tó jọ ọ́. Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún eléré. July 2021 ni NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì l'Amẹ́ríkà, ṣílẹ̀kùn. Kò pẹ́ tí àwọn olówó tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi dá àpò owó jọ. Ìpolówó ni wọ́n pè é, àmọ́ owó tí wọ́n fi ń fa agbábọ́ọ̀lù wálé ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Láti July 2025, yunifásítì fúnra rẹ̀ náà lè san án: nǹkan bíi dọ́là mílíọ̀nù 20.5 ni òdiwọ̀n fún ilé ìwé kan lọ́dún àkọ́kọ́, fún gbogbo eré pátá. Fútbọ́ọ̀lù tiwọn ló sì ń kó èyí tó pọ̀ jù.

Ibi tí éjẹ́ǹtì yín ti ń purọ́ nìyí: ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ Ìbàdàn àti ọmọ Houston jọ ń gbowó náà bákan náà. Físà akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n ń pè ní F-1, ni ọmọ yín yóò nílò láti wọ̀lú. Físà yẹn kò gbà á láyè láti máa ṣiṣẹ́ bó ṣe wù ú. Iṣẹ́ inú ọgbà yunifásítì gan-an, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni, bí ilé ìwé bá wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Òfin náà ti wà kí NIL tó dé, wọn ò sì dárúkọ NIL nínú rẹ̀. Bó bá dúró síwájú kámẹ́rà láti polówó bàtà, wọ́n lè kà á sí iṣẹ́, físà sì lè bọ́.

Ẹ wo Oscar Tshiebwe, ọmọ Congo. Ní 2022, òun ni wọ́n kéde pé ó dára jù lọ nínú àwọn agbábásíkẹ́ẹ̀tì yunifásítì. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí ẹgbẹ́ Yunifásítì Kentucky tó ń gbá fún rìnrìn àjò lọ sí Bahamas ní August ọdún náà ló ráyè ṣe ìpolówó rẹ̀, nítorí pé ẹ̀yìn odi Amẹ́ríkà ni. Bí ẹni tó gba ipò kìíní bá ní láti sọdá òkun kó tó lè polówó, ta ni yóò wá máa sanwó oṣù fún ọmọ ọdún 17 tí kóòṣì kankan ò tíì fojú rí? Kóòṣì tó lówó lọ́wọ́ báyìí, ẹni tó ti gbá ọdún méjì mẹ́ta ní yunifásítì mìíràn ló máa ń kọ́kọ́ wá.

Ẹ béèrè orúkọ kóòṣì náà, kí ẹ wá a lórí ìkànnì yunifásítì fúnra yín, kí ẹ kọ̀wé sí i tààrà. Yunifásítì ló ń fúnni ní ìwé I-20 tí a fi ń wá físà. Éjẹ́ǹtì ò lè fúnni. Ọmọ ò sì gbọdọ̀ tọwọ́ bọ ìwé kankan kí lọ́yà tó mọ òfin ìwọ̀lú Amẹ́ríkà tó yẹ̀ ẹ́ wò. (N ò rí ìwé yín o, nítorí náà ẹ má ka èyí sí ìmọ̀ràn lọ́yà lórí ọ̀rọ̀ ọmọ yín gan-an.)

Bí éjẹ́ǹtì bá ní ọjọ́ Ẹtì ni ààyè yóò bọ́, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì kọjá.