Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Gbọ́ Ọ Kí Wọ́n Tó Kà Á

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá wa. Mo ń kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé láti máa ka ìwé Yorùbá. Èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 6, èyí tó dàgbà jù ti pé 12. Ògbójú Ọdẹ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ni bàbá mi kà fún mi. Àwọn kékeré ń sùn, àwọn àgbà ń kọsẹ̀ lórí àmì ohùn, ìwé kan ṣoṣo ló sì wà. Ìyá ọmọ kan tún ti ní Gẹ̀ẹ́sì lòun ń fẹ́ kí ọmọ òun gbọ́. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Tọ́lá, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ìyá Tọ́lá, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú wọn ká. Ìwé tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ló le, àwọn ọmọ ò jẹ̀bi. Láti 1938 tí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé D. O. Fágúnwà, ti jáde, àgbà ń kà á, àgbà ń gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn Fágúnwà gùn, òwe ń gun orí òwe, ó sì máa ń dúró wàásù lójú ọ̀nà. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

Àlọ́ Ìjàpá ni kí ẹ mú. Adébóyè Babalọlá ti kó o jọ fún wa sínú Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá láti 1973. Nínú ẹgbẹ́ ìkàwé tiwa n'Íbàdàn níbí, àlọ́ àsèjẹ Yánníbo, ìyàwó Ìjàpá, ni àwọn ọmọ kì í jẹ́ kí n sinmi lé lórí. Ẹ mọ̀ ọ́n: babaláwo se àsèjẹ kí Yánníbo lè lóyún, ó kìlọ̀ fún Ìjàpá kó má fẹnu kàn án, ọ̀kánjúwà ò jẹ́ kó gbọ́, ikùn tirẹ̀ ló wú. Mo máa ń kọ orin inú rẹ̀ sójú pátákó pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn. A ó kọ́kọ́ kọ ọ́ lórin, èmi ń dá a, wọ́n ń gbè é, "Alugbinrin", títí yóò fi wọ̀ wọ́n lára. Ìgbà náà ni n óò wá máa fi ọ̀pá tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń kọrin. Ohùn tó ti wà létí ọmọ tẹ́lẹ̀ ló ń rí lójú pátákó yẹn, àmì ò tún ní dẹ́rù bà á. Àwọn kékeré ni kí ẹ fi ṣe elégbè, kí wọ́n jókòó níwájú. Oorun á fò lójú wọn.

Bí ọmọ bá ṣi ohùn pè, ẹ má dá a lẹ́nu kọ́. Ẹ jẹ́ kó parí gbólóhùn, kí ẹ kà á sókè bó ṣe yẹ, kó sì tún un kà tẹ̀ lé yín.

Tí ìtàn bá parí, ẹ má bi wọ́n ní ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́. Ilé-ìwé ń bi wọ́n tó. Ẹ bi wọ́n pé ta ló jẹ̀bi. Ọmọbìnrin ọdún 8 kan dìde láàárín wa, ó ní babaláwo ló jẹ̀bi, kí ló dé tí kò ránṣẹ́ pe Yánníbo kó wá gba oògùn rẹ̀ fúnra rẹ̀? Ọmọkùnrin kan ní Yánníbo ń dáná lọ́wọ́ ni. Ọmọbìnrin náà dá a lóhùn pé, "Ṣé ẹni tó ń dáná ò lẹ́sẹ̀ ni?" N ò dá sí i. Àwọn fúnra wọn ló lọ ṣí ìwé padà láti wá ẹ̀rí, ohun tí ẹgba ò lè mú ọmọ ṣe.

Fún àwọn tó ti pé ọdún 9 sókè, ẹ wá Kúyè, ìwé J. F. Ọdúnjọ, ẹni tó kọ Aláwìyé tí púpọ̀ nínú wa fi mọ̀wé kà. Ọmọ òrukàn tó yadi tó sì dití ni Kúyè, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń wọ ọmọdé lákínyẹmí ara. Orí kan lọ́sẹ̀ ti tó, kí ẹ sì dúró níbi tó bá dùn jù.

Fágúnwà ń kọ́? Ẹ̀yin ni kí ẹ máa kà á fún wọn, ìran kan péré lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ka ibi tí Àkàrà-oògùn, ọdẹ inú ìwé náà, ti pàdé iwin tó ń jẹ́ Àgbákò, kí ẹ pín bébà àti pẹ́ńsù, kí wọ́n yà á. Ojú 16 ni Àgbákò ní, wọn ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni yà á ní 15.

Ti ìwé kan ṣoṣo ò le. Ẹnì kan ń kà, etí ìyókù ń gbọ́. Tí àwọn òbí bá dáwó díẹ̀díẹ̀, ìwé kejì á dé.

Ìyá tó ń wá Gẹ̀ẹ́sì náà ò ṣe burúkú, ọjọ́ ọ̀la ọmọ rẹ̀ ló ń rò. Ẹ sọ fún un pé nítòsí yín níbẹ̀, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní 1970. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún 6, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi olùkọ́ tirẹ̀ sí. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ náà ò kẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ìyá náà wá ní Sátidé kan, kó wá pa àlọ́ kan tí ìyá tirẹ̀ pa fún un.