Owó ẹgbẹ́ ìlú àti àjàkálẹ̀ àrùn ilẹ̀ òkèèrè: ṣé ká fi ránṣẹ́?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa, lẹ́bàá Ọ̀yẹ́-Èkìtì níbí. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti Houston fẹ́ dá owó jọ. Wọ́n ní ká pín in sí méjì: ká fi ìdajì tún ilé ìwòsàn wa ṣe, ká fi ìdajì yòókù ran àwọn tó ń bá Ebola àti irú àrùn bẹ́ẹ̀ jà ní ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn lọ́wọ́. Àwọn àgbà fárí gá. Wọ́n ní ilé là á ti kó ẹ̀ṣọ́ ròde, pé kí ló kàn wá kan Congo nígbà tí òrùlé tiwa ń jò? Kí ni kí n sọ fún wọn? Tí a bá sì máa fún wọn, báwo ni owó wa kò ṣe ní ṣòfò?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Mà. Ẹ sì kú ìfaradà. Mo mọ bí ìpàdé ṣe máa ń gbóná tí ọ̀rọ̀ owó bá ti wọ̀ ọ́.

Ẹ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí owó náà gba Èkìtì kọjá. Màá ṣàlàyé ìyẹn láìpẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ rán àwọn àgbà létí ọdún 2014. Ní oṣù Keje ọdún yẹn, Nàìjíríà ṣèlérí mílíọ̀nù 3.5 dọ́là láti fi ran Guinea, Liberia, Sierra Leone àti ECOWAS lọ́wọ́ lórí Ebola. Oṣù kan náà, ní ọjọ́ 20, ni Patrick Sawyer gbé àrùn náà láti Liberia gúnlẹ̀ sí Èkó. Ènìyàn 20 ló ní in lọ́dọ̀ wa, 8 kú. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tó kọ̀ jálẹ̀ pé Sawyer kò gbọdọ̀ kúrò ní ilé ìwòsàn, wà lára wọn. Ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta yẹn, àwọn tó kú lé ní 11,000.

Kí ló dá tiwa dúró sí 20? Ìgboyà Adadevoh wà níbẹ̀. Àmọ́ ohun tí àwọn ènìyàn kì í sábà dárúkọ ni owó rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Kí Ebola tó dé la ti ní ibùdó tó ń darí ìgbógunti polio, owó àwọn ará òkèèrè, títí kan ti àjọ Bill Gates, sì wà nínú ohun tó gbé e ró. Àwọn dókítà ibẹ̀ ni wọ́n kó wá sí Èkó. Wọ́n ti mọ bí a ṣe ń kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn, bí a ṣe ń kọ orúkọ sílẹ̀, bí a ṣe ń padà lọ sí ilé tí wọ́n ti lé ni lánàá. Àwọn tó fara kan aláìsàn tó 900. Wọ́n ń tọ̀ wọ́n lọ fún ọjọ́ 21, wọ́n ń wọn ìgbóná ara wọn. Ẹni tó dá owó polio kò ní Ebola lọ́kàn rárá, Èkó ni ó sì gbà là. Kí àwọn àgbà bá mi ro ìyẹn wò.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ tẹnu mọ́ ni pé ìgbà tí owó dé ṣe pàtàkì ju bó ṣe pọ̀ tó lọ. Oṣù Kejìlá 2013 ni Ebola ti bẹ̀rẹ̀ ní Guinea, oṣù Kẹta 2014 ni wọ́n tó mọ̀ pé òun ni. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà fọwọ́ sí bílíọ̀nù 5.4 dọ́là ní oṣù Kejìlá 2014, nígbà tí ti Liberia ti ń rọlẹ̀. Àwọn ọmọ ogun wọn kọ́ ibùdó ìtọ́jú 11 síbẹ̀. Mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ kò gba aláìsàn Ebola kankan. 28 péré ni gbogbo wọn tọ́jú. Bẹ́ẹ̀dì wà, àgọ́ wà, aláìsàn ti tán. N kò ní gbogbo owó náà ṣòfò o, torí apá kan rẹ̀ lọ sí láàbù àti ìdálẹ́kọ̀ọ́ káàkiri. Ṣùgbọ́n ká ní díẹ̀ nínú rẹ̀ ti wà ní Guinea lọ́dún tó ṣáájú ni!

Owó tí a dè mọ́lẹ̀ náà máa ń pẹ́. Báǹkì Àgbáyé dá ètò kan sílẹ̀ ní 2017 tí àwọn olùdókòwò yóò fi san owó tí àjàkálẹ̀ àrùn bá ṣẹ̀. Ebola dé Congo ní 2018, ó pa ènìyàn tó lé ní 2,200, owó àwọn olùdókòwò yẹn kò jáde, torí àdéhùn wọn ní àfi tí ènìyàn 20 bá kú ní orílẹ̀-èdè kejì. Ẹ fi wé àpò pàjáwìrì tí Àjọ Ìlera Àgbáyé dá sílẹ̀ ní 2015, tó lè yọ tó 500,000 dọ́là láàárín wákàtí 24. Àwọn Red Cross náà ní irú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní DREF, láti 1985. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ń sin òkú Ebola ní Sierra Leone, tí wọ́n ń bẹ ẹbí kí wọ́n má fọwọ́ wẹ òkú bàbá wọn. Ẹni tí wọ́n ti mọ̀ ládùúgbò nìkan ló lè bá wọn sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn.

Nítorí náà, owó ni kí ẹ fún wọn. Ẹ má fi oògùn ránṣẹ́, ẹ má fi aṣọ ránṣẹ́. Àjọ tó ti ní òṣìṣẹ́ níbẹ̀ kí àrùn tó dé ni kí ẹ fún, kí ẹ sì sọ pé àpò pàjáwìrì ni ó wà fún, kí wọ́n lo ó níbi tó bá ti gbóná jù. Àwọn ọmọ yín ni kí wọ́n san án tààrà láti ibi tí wọ́n wà. Tí ẹ bá sọ pọ́n-ún di náírà, tí ẹ tún sọ náírà di dọ́là, báǹkì ni ẹ fi ń ṣe sàráà fún. Àwọn ti London tó ń san owó orí lè lo Gift Aid, kí ìjọba ibẹ̀ fi pẹ́ńsì 25 kún pọ́n-ún kọ̀ọ̀kan.

Ó ku ìdajì tilé. Ẹ tún òrùlé ṣe, àmọ́ ẹ má ná gbogbo rẹ̀ tán sórí páánù. Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ni a ní ní Èkìtì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ẹni tó ń ṣọ́ àrùn, tí àwa ń pè ní DSNO. Tí nọ́ọ̀sì yín bá fura sí ibà Lassa, òun ni yóò wá. Ìgò ẹ̀jẹ̀ kékeré ni, wọ́n á fi òwú dì í, wọ́n á kì í bọ ike onídèérí, wọ́n á gbé ìyẹn sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, ó di ilé àyẹ̀wò bíi ti Irrua ní ìpínlẹ̀ Edo lọ́hùn-ún. Tí kò bá sí owó epo, kúlà náà á jókòó síbẹ̀, yìnyín á sì yọ́. Ìwọ̀nba owó tí ẹgbẹ́ ìlú lè dá ni ìyẹn.

Ẹ má sì gbójú lé òkèèrè jù. Ní January 2025 ni Amẹ́ríkà dá ìrànwọ́ rẹ̀ dúró, tí Ilé Aṣòfin wa fi sáré fi mílíọ̀nù 200 dọ́là kún ìsúná ìlera. Ẹ tún bi káńsù yín pé èló ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún DSNO wọn lọ́dún yìí. Kí ẹ tó kan páánù àkọ́kọ́, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sára ògiri ilé ìwòsàn, kí ẹ kọ 6232, nọ́ńbà NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, sábẹ́ rẹ̀.