Owó Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi àti Físà Akẹ́kọ̀ọ́

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Yunifásítì kan ní Ìlú Ọba ti gbà mí wọlé fún oyè másítà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Súrùlérè, tó fẹ́ rán mi lọ, ní owó tó tó ní báńkì. Ṣé mo lè fi ìwé báńkì wọn tọrọ físà?
Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Yábàá

ÌDÁHÙN: A bá yín yọ̀ gidigidi. Òfin físà akẹ́kọ̀ọ́ Ìlú Ọba kò gba owó tó wà lórúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá, àyàfi bí wọ́n bá jẹ́ alágbàtọ́ yín lábẹ́ òfin. Orúkọ yín tàbí ti òbí yín ló gbọ́dọ̀ wà lórí àkáǹtì náà. Ó ṣòro fún àwa tí a gbà pé gbogbo ẹbí ló ni ọmọ láti gba èyí, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni òfin wọn wí. Nítorí náà, ẹ bẹ ẹ̀gbọ́n bàbá yín kí wọ́n san owó náà sínú àkáǹtì tiyín, kí ó sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 28 gbáko. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: bí ẹ bá fa owó díẹ̀ yọ ní ẹ̀rọ ATM, tí èyí tó kù sì dín sí iye tí wọ́n béèrè fún ọjọ́ kan péré, kódà bí ẹ dá a padà lọ́jọ́ kejì, ẹ ó tún ọjọ́ náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ fi àlékún sí i, nítorí náírà lè já wálẹ̀ kí wọ́n tó ṣírò rẹ̀ sí pọ́n-ùn. Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ náà pọn dandan.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun yóò bá yín ṣe ayédèrú ìwé báńkì; ó lè mú kí wọ́n fòfin dè yín láti wọ Ìlú Ọba fún ọdún 10.