Oògùn ti tán lẹ́ẹ̀mejì, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣì ń sọ pé mo ní chlamydia

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ọmọ ọdún 31 ni mí, Ìbàdàn ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ó ti tó ọdún méjì tí a ti ń wá ọmọ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi ní láàbù, wọ́n ní mo ní chlamydia, àrùn tí èèyàn ń kó nínú ìbálòpọ̀. Mo lo oògùn, mo tún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà ṣe, ó tún jáde. Mo tún lo òmíràn, ibi tá a wà náà la ṣì wà. Ọkọ mi ní ara òun le, òun ò ní í lo oògùn àìsàn tí kò ṣe òun. Màmá kan ládùúgbò ní kí n wá mu agbo àtọ̀sí. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú àmúmọ́ra, màdáámù. Kí ẹ tó gbé oògùn mìíràn mì, ẹ mú ìwé èsì yẹn jáde, kí ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ chlamydia. Bó bá jẹ́ IgG ni, kì í ṣe kòkòrò náà ni wọ́n rí. Àwọn ọmọ ogun tí ara yín dá sílẹ̀ láti bá a jà ni wọ́n rí, ogun sì lè ti parí tipẹ́ kí wọ́n ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oògùn kò lè lé wọn. Ó máa ń ká mi lára gan-an: ìwé ni wọ́n ń tọ́jú, wọn ò tọ́jú ẹni tó ni ín.

Àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò náà gan-an ni NAAT, tí ọ̀pọ̀ láàbù mọ̀ sí PCR. Ẹ̀yin fúnra yín lè fi òwú àyẹ̀wò gba omi ojú ara yín. Ìtọ̀ ni ti ọkọ yín: kó má tọ̀ fún wákàtí kan ó kéré tán, kó wá gbe èyí tó kọ́kọ́ jáde sínú ike. Ọ̀pọ̀ ló ń da ti ìbẹ̀rẹ̀ nù torí pé ti àárín ni wọ́n máa ń gbà fún àyẹ̀wò mìíràn. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń gbin nǹkan sí (culture), tó sábà máa ń bí ariwo “staph”, ìyẹn kòkòrò mìíràn, kò lè rí chlamydia, torí inú sẹ́ẹ̀lì ara ló ń gbé. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn, ẹ jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ẹ tó ṣe PCR, kó má lọ jẹ́ òkú kòkòrò ni wọ́n máa rí.

Bó bá jáde, doxycycline 100 mg ni, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ méje. Ẹ fi omi púpọ̀ gbé e mì lórí ìjókòó, ẹ má sì dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó máa ń bó ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ má lò ó pọ̀ mọ́ mílíìkì tàbí oògùn amẹ́jẹ̀pọ̀ tó ní irin (blood tonic). Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ oyún wò, torí pé azithromycin gíráàmù kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, là ń fún aláboyún. Ampiclox tí àwọn kan ń rà ní kẹ́míìsì lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kì í dènà rẹ̀. Kọ́ńdọ̀mù ló ń ṣe é. Ní ti màmá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àtọ̀sí àti chlamydia kì í ṣe àrùn kan náà, mi ò sì mọ agbo kankan tí wọ́n ti fi àyẹ̀wò hàn pé ó ń wò ó.

Ọkọ yín ló kù. Bí ìdajì àwọn ọkùnrin tó ní i ni kì í mọ nǹkan kan lára, tàwọn obìnrin tiẹ̀ tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí PCR yín bá jáde, tí ẹ nìkan sì lo oògùn, alẹ́ tí ẹ bá jọ sùn ni yóò dá a padà fún yín. Ẹ jọ lò ó, kí ẹ sì takété síra yín títí oògùn ẹni méjèèjì á fi tán. Ẹ má fi panságà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ o. Chlamydia lè sá pamọ́ sára fún ọ̀pọ̀ oṣù, èsì kò sì lè sọ ẹni tó kọ́kọ́ kó o. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ẹ méjèèjì tún PCR ṣe.

Ti ọmọ: bí IgG yẹn bá tiẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́, àrùn náà lè ti ba ọ̀nà tí ẹyin ń gbà jẹ́, ó sì tó ìdí láti ya fọ́tò HSG (X-ray ilé ọmọ), kí wọ́n wò bóyá ọ̀nà náà kò dí. Kí ọkọ yín náà yẹ àtọ̀ rẹ̀ wò. Tí nǹkan oṣù bá sì dúró, ẹ tètè ṣe síkáànù, kí wọ́n rí i pé inú ilé ọmọ ni oyún náà wà. Bí inú bá ń ro yín gidi níhà kan tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.