Ẹ Bi Wá: Iná Tó Ń Jó Lára Ògiri ní Lyon

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ọmọ mi tó ń kàwé ní ilẹ̀ Faransé fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi, níbi tí ògiri kàtídírà ti ń yí padà bí ẹni ń jó. Ṣé ìsìn ni àbí eré?

ÌDÁHÙN: Ọdún Ìmọ́lẹ̀ (Fête des Lumières) tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún ní ìlú Lyon ni ẹ rí; ìsìn ló fi bẹ̀rẹ̀, mà. Ní ọdún 1852, àwọn ará Lyon fẹ́ ṣí ère Màríà Wúńdíá lórí òkè Fourvière ní oṣù Kẹsàn-án, ṣùgbọ́n nítorí pé odò Saône kún àkúnya, wọ́n sún un sí ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá. Ìjì tún fẹ́ ba ọjọ́ yẹn jẹ́. Nígbà tí ojú ọ̀run mọ́, kálukú tan àbẹ́là sójú fèrèsé rẹ̀.

Ní ti ògiri tí ẹ rí, kò kúrò lójú kan. Àwọn ayàwòrán a kọ́kọ́ wọn gbogbo ọwọ̀n àti fèrèsé rẹ̀, wọn a ya àwòrán tó bá a mu rẹ́gí lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ̀rọ tó fi ìmọ́lẹ̀ jù ú sára rẹ̀, ojú wa ló sì ń tàn wá. Ọ̀fẹ́ ni ìran ojú pópó.

Lójú tèmi, àbẹ́là ni ọdún náà gan-an: ní 2015, lẹ́yìn ìkọlù àwọn apániláyà ní Paris, wọ́n fagi lé àwọn ìran ńlá, síbẹ̀ àwọn ará ìlú tan àbẹ́là ní ìrántí àwọn tó kú.