Ènìyàn 1,600 kò kéré. Ẹnu ọ̀nà ni kẹ́ ẹ wò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò sí onífọ́ọ̀mù ìwádìí èrò aráàlú kankan tó kanlẹ̀kùn yín rí, pé báwo wá ni ènìyàn 1,600 ṣe máa sọ ohun tó wà lọ́kàn gbogbo Nàìjíríà. Mi ò bá yín jiyàn. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́fà gbé fọ́ọ̀mù kiri Ifẹ̀ àti Iléṣà, látorí bébà dórí táblẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó bi èmi náà ní nǹkankan rí. Àmọ́ iye yẹn kọ́ ni wàhálà iṣẹ́ náà.

Kòkó ni bàbá mi ń rà kí wọ́n tó kú. Bí gírédà tó ń yẹ kòkó wò bá dé, kì í tú gbogbo àpò dà sílẹ̀. Irin ṣóńṣó kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó ní ihò nínú. Á tì í bọ orí àpò, á tì í bọ àárín, á tì í bọ ìdí, torí ó mọ̀ pé èyí tó gbẹ dáadáa làgbẹ̀ máa ń dà sókè. Á po gbogbo èyí tó bọ́ síta pọ̀, á ka 300, á jókòó là wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí ti bu, èyí ti ní kòkòrò, èyí ò tíì gbó. Lórí 300 yẹn ló máa sọ ipò tí gbogbo ẹrù wà. Ká ní orí àpò nìkan ló ti mú un, kó ka 3,000, irọ́ ló kà.

Iṣẹ́ tiwa náà nìyẹn. Afrobarometer, àjọ ìwádìí èrò aráàlú tó ti ń bi àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ìbéèrè láti ọdún 2000, ènìyàn 1,600 ni wọ́n máa ń lò lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, mẹ́jọ mẹ́jọ ní ibi 200 káàkiri ìlú àti oko. Bí wọ́n bá yan àwọn ibi náà bó ṣe yẹ, ohun tí wọ́n bá kà kì í sábà fi ju 2.5 nínú 100 yàtọ̀ sí ti gbogbo ìlú, yálà sókè tàbí sísàlẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Mo mọ̀, torí mo ti bà á jẹ́ rí.

Pàràkín ní Ifẹ̀ ni, nínú oṣù kẹfà, òjò ti ń lù mí láti àárọ̀. Òfin wa ni pé ká ka ilé karùn-ún, lẹ́yìn náà ìkẹwàá, ká má yà síbòmíràn. Máàpù tí wọ́n fún wa, ti ìkànìyàn 2006 ni, torí kò tíì sí òmíràn láti ìgbà yẹn. Igbó ló wà lórí bébà níbi tí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kún bámúbámú. Ilé karùn-ún, ajá lé mi. Ìkẹwàá, wọ́n ní ṣé ìrẹsì ìjọba ni mo gbé wá. Nígbà tí wọ́n rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ẹgbẹ́ òṣèlú wo ló rán mi. Fọ́ọ̀mù mẹ́rin ló kù. Mo bá wọ abẹ́ páànù oníẹ̀wà kan, mo fọwọ́ ara mi kọ ìdáhùn sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo tiẹ̀ dọ́gbọ́n sí i: obìnrin méjì, ọkùnrin méjì, ọjọ́ orí wọn ò jọra. Lọ́jọ́ kẹta ni súpáfáísọ̀ mi, ọmọkùnrin tí mo jù lọ dáadáa, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò pariwo. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tó jẹ́ pé gbogbo àwọn èèyàn yín ló lérò lórí gbogbo nǹkan? Kò sí ẹnì kan tó ní òun ò mọ̀?" Wọn ò sanwó ọ̀sẹ̀ yẹn fún mi, ó sì tọ́ sí mi. Títí dòní, bí mo bá rí èsì ìwádìí tí kò sí "mi ò mọ̀" nínú ẹ̀, ara mi kì í gbà á.

Òfin mìíràn ni pé ẹni tí káàdì tí a fi ń ṣẹ́ kèké nínú ilé bá mú ni ká bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó ṣílẹ̀kùn. Ní Ìlàrè, bàbá kan ti jókòó, wọ́n ti tún fìlà ṣe. Obìnrin ló kàn lọ́jọ́ náà, káàdì sì mú ìyàwó wọn kékeré. "Kí ló fẹ́ sọ témi ò mọ̀? Èmi ni mo nilé." Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n gbà, àmọ́ wọn ò dìde. Mo bi obìnrin náà pé kí ni ìṣòro tó ga jù tó yẹ kíjọba mójú tó. Ó wojú ọkọ ẹ̀, ó ní ohun tí bàbá bá sọ náà ni. Bàbá ní ọ̀nà ni, ọ̀nà ti bàjẹ́. Ìgbà tí wọ́n jáde lọ dá ẹnì kan lóhùn níta lobìnrin yìí sọ ọ́ wẹ́rẹ́: "Omi. Aago mẹ́rin àárọ̀ ni mo máa ń jí lọ tò nídìí kànga." Bàbá ò purọ́ o. Omi ìwẹ̀ wọn ti máa ń wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó jí.

Ẹ tún bi ìyá tó ń ta ata ní Odò-Ògbè pé, "Ṣé ẹ ń ṣiṣẹ́?" Wọ́n á ní rárá, ata làwọn ń tà, ọmọ àwọn ló ń ṣiṣẹ́, ní bánkì. Ẹ wá bi wọ́n bóyá wọ́n ṣe ohunkóhun tó mówó wọlé, kó tiẹ̀ jẹ́ wákàtí kan, láàárín ọjọ́ méje tó kọjá. Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yìí náà ló gbé àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè (NBS) sẹ́nu aráyé ní 2023. Nílànà àtijọ́, ẹni tí kò bá ṣe tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀, aláìníṣẹ́ ni. Ní ìparí 2020, 33.3 nínú 100 ni wọ́n kà. Wọ́n wá sọ ọ́ di wákàtí kan, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun, ó di 5.3 fún ìparí 2022. Kì í ṣe pé iṣẹ́ délẹ̀. Ìbéèrè ló yí. Èmi ò fẹ́ràn ti tuntun yẹn, torí ó fi aláta àti òṣìṣẹ́ bánkì sórí ìjókòó kan náà, àmọ́ mi ò lè pè é nírọ́.

Èyí tó le jù ni ẹni tó dákẹ́. Ẹ rántí ìwádìí orí fóònù lórí ìdìbò ààrẹ 2023 tí ilé iṣẹ́ NOIPolls ṣe fún Anap Foundation ní Oṣù Kejìlá 2022: Obi 23 nínú 100, Tinubu 13. Àwọn èèyàn gbé 23 yẹn kiri bí àsíá. Ohun tí èmi ń wò ni pé 29 ní àwọn ò tíì pinnu, 23 míràn ní àwọn ò ní sọ. Ó ti lé ní ìdajì. Nígbà tí INEC máa kéde, Tinubu ni. Ẹni tó bá ti gbé fọ́ọ̀mù wọ Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ mọ "mi ò ní sọ" dáadáa. Mo bi ìyá àgbà kan pé àdúgbò wo ni wọ́n ń gbé kíjà 1997 tó dé. Wọ́n rọra pa fáìlì mi dé, wọ́n ní ṣé kí àwọn bu omi fún mi.

Bí ọ̀kan nínú wa bá ya ọ̀dọ̀ yín lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀, ẹ béèrè ta ló rán an. Bí káàdì kèké bá wá mú ìyàwó yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde níbẹ̀.